Mo gbé iṣẹ́ Èkó wá sí Ìsánlú: ohun tó dúró nílùú àti ohun tó kọjá lọ

Àbúrò mi, okun o. Ìbéèrè rẹ yé mi dáadáa. Ilé-iṣẹ́ rẹ ní Èkó ti gbà pé kí o máa ṣiṣẹ́ láti ilé, o sì ń rò ó bóyá kí o kó ẹrù rẹ padà sí Mọ̀pà, nítorí àwọn kan sọ fún ọ pé irú iṣẹ́ yìí ni yóò tún ilẹ̀ Okun wa ní Ìpínlẹ̀ Kogí ṣe, àwọn mìíràn sì ní ẹni tí kò bá sí ní ọ́fíìsì kò lè rí ìgbéga. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rin tí mo ti ń ti Ìsánlú ṣe ìṣírò owó fún ilé-iṣẹ́ kan tó wà ní Èkó, ohun tí ojú mi sì rí ni mo fẹ́ sọ.

Ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti Èkó, Ògùn àti Àbújá pa ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020 nítorí àrùn kòrónà ni àwọn ọ̀gá wa kọ́kọ́ rí i pé ìwé owó kò dàrú bí a kò tilẹ̀ jókòó sí ọ́fíìsì. Nígbà tí ọdún yípo, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n máa lọ sílé. Wọ́n gbà, wọ́n sì yọ owó ọkọ̀ kúrò nínú owó oṣù mi. Mo rò pé mo ti jèrè, àfi ìgbà tí mo dé ilé tí jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba gbogbo èrè náà lọ́wọ́ mi.

Iná ìjọba kò ṣeé gbára lé ní àdúgbò wa rárá. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, bẹntiróòlù tí à ń rà ní nǹkan bí 190 náírà fún lítà kan kọjá 480 láàárín ọjọ́ mélòó kan, owó oṣù mi kò sì yí padà. Oṣù méjì ni mo fi ń ṣiṣẹ́ lóru kí n má baà tan jẹnẹrétọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Níkẹyìn mo yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, mo ra sólà àti bátìrì méjì. Ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì tún wà níbẹ̀. Ó máa ń fà gan-an tí ó bá di ìrọ̀lẹ́, mo sì ti ṣe ìpàdé nínú ọkọ̀ tí mo páàkì sí ẹ̀gbẹ́ òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tí àwọn ọmọdé ń yọjú wò mí lójú fèrèsé. Starlink, íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń ti sátẹ́láìtì wá, ti wọ Nàìjíríà láti oṣù Kìíní ọdún 2023, ṣùgbọ́n èmi nìkan kò lè dá a rà. Àwa mẹ́rin la dáwó jọ, a gba ṣọ́ọ̀bù kan, a sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pọ̀.

Ǹjẹ́ ìlú ló gba gbogbo owó tí mo kà sílẹ̀ yìí? Rárá o. Orílẹ̀-èdè Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe sólà náà, Èkó ni mo ti rà á, owó dátà kì í dúró ní ilẹ̀ Yàgbà wa níhìn-ín, owó epo pẹ̀lú kì í dúró. Owó oṣù mi ń gba Ìsánlú kọjá bí ọkọ̀ tó ń lọ Kàbbà ni: ó ń dúró díẹ̀ kí èrò sọ̀ kalẹ̀, ó sì tún ń lọ. Àwọn tó ń sọ̀ níbẹ̀ ni oníṣu àti onígàárì lọ́jà, káfíńtà tó kan tábìlì mẹ́rin fún wa, oníná tó so sólà, àti màmá tó ni ṣọ́ọ̀bù. Èyí kò kéré. Nígbà tí mo wà ní Èkó, owó ilé àti owó ọkọ̀ ń gba nǹkan bí ìdajì owó mi, ohun tó ń dé ilé kò ju èyí tí mo ń fi ránṣẹ́ sí ìyá mi àti owó ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè lọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní bú àwọn tó ń lọ sí ọ́fíìsì. Owó tí àwọn ọmọ ìlú dá jọ láti Èkó àti Àbújá ni a fi gbẹ́ kànga ẹ̀rọ àdúgbò wa, èmi tí mo wà nílé kò lè dá a gbẹ́.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò ni owó-orí. Lórílẹ̀-èdè yìí, ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé ló ni owó-orí tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù rẹ̀, síbẹ̀ ọdún méjì gbáko ni ilé-iṣẹ́ mi fi ń san tèmi fún Èkó, nítorí pé àdírẹ́sì mi àtijọ́ ló ṣì wà nínú ìwé wọn. Èmi tí mo ń bá wọn ṣírò owó gan-an ni n kò fura! Lẹ́tà mẹ́ta ni mo kọ kí wọ́n tó yí i padà sí Ìpínlẹ̀ Kogí. Bóyá owó náà ń kúrò ní Lọ́kọ́jà dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ ló kó àwa ọmọ Okun kúrò nílé. Láti ìgbà tí Titcombe College ti bẹ̀rẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́ ní 1951, bí ọmọ bá ti mọ̀wé tán ni à ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Mo rò pé iṣẹ́ àtilé ṣe yóò yí èyí padà, mo sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta ní ìṣírò owó lórí kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n jù gba iṣẹ́ láàárín ọdún kan, ó sì kó lọ sí Àbújá. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ sọ fún un, èmi tí mo ti gbé Èkó fún ọdún mẹ́sàn-án? Ẹnì kejì jáwọ́. Ẹnì kẹta jẹ́ ìyàwó ilé tó ní ọmọ méjì, tí kò lè fi ìlú sílẹ̀ nítorí iṣẹ́ ọkọ rẹ̀, òun ló sì wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà títí di òní tó ń bá ilé-iṣẹ́ méjì ṣiṣẹ́. Bí mo bá tún fẹ́ kọ́ ènìyàn, irú rẹ̀ ni n ó kọ́kọ́ wá.

Ti ìgbéga, òótọ́ ni wọ́n sọ fún ọ. Àwọn méjì tí mo kọ́ níṣẹ́ ti kọjá mi, n kò sì rí ẹ̀sùn kan tí wọ́n fi kàn mí ju pé ojú mi ti jìnnà. Nísinsìnyí mo ń lọ sí Èkó lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta, mo sì máa ń tètè jáde kí n lè kọjá Ẹ̀gbẹ́ bọ́ sí Kwárà ní ojúmọmọ, nítorí ìwọ náà mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí. Nílé pẹ̀lú, ọdún àkọ́kọ́ le. Àwọn àgbà rò pé wọ́n lé mi níṣẹ́ ni, àwọn fijilanté sì wá bi mí léèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá ọmọ yàhúù ni mí. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ mi ni mo fi hàn wọ́n.

Nítorí náà, má tìtorí pé o fẹ́ tún ìlú ṣe kó ẹrù rẹ. Bí iṣẹ́ rẹ bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń fi ohun tí o parí díwọ̀n, tí kì í ṣe wákàtí tí o fi jókòó, máa bọ̀, ṣùgbọ́n lo oṣù mẹ́ta ná kí o tó fi ilé Èkó sílẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n kọ àdírẹ́sì Mọ̀pà sínú ìwé owó oṣù rẹ láti oṣù àkọ́kọ́. Bátìrì wọ́n lọ́dọ̀ wa, rà á ní Èkó, ṣùgbọ́n má gbé oníná wá láti ibẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin wà ní Mọ̀pà tó lè so ó.