Ìlànà géèmù onítàn wo ló yẹ ìtàn àwọn òṣómàáló?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Àwa márùn-ún la máa ń pàdé ní Iléṣà ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé láti ṣe géèmù onítàn, èyí tí olúkúlùkù ń ṣe ẹ̀dá-ìtàn kan, tí olùdarí ń sọ bí ayé ìtàn náà ṣe rí, tí a sì ń ju dáìsì nígbà tí àbájáde ohun tí ẹnìkan fẹ́ ṣe kò bá dájú. Ìtàn ọlọ́jọ́ gígùn ni a fẹ́ ṣe, nípa àwọn òṣómàáló ìgbà àwọn bàbá wa àgbà, tí wọ́n ń gbé aṣọ kúrò ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà lọ tà láwìn ní ìlú mìíràn, tí wọ́n sì ń padà lọ gba owó wọn. Dungeons & Dragons ni a fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé a rí òfin ìpìlẹ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ìjókòó wa ló ń di ìjà pẹ̀lú àwọn olè ojú ọ̀nà, a kò sì tíì gba gbèsè kankan. Ẹnìkan nínú wa ní ká lọ gba GURPS, nítorí pé kò sí irú ìtàn tí kò lè gbà. Ẹlòmíràn ní ìlànà kò ṣe nǹkan kan, pé ọwọ́ olùdarí ni gbogbo rẹ̀ wà. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìpàdé, ẹ̀yin ará Iléṣà. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n n kò ní gbà yín níyànjú láti tẹ̀ lé ọ̀kankan nínú wọn. Ìlànà tí ẹ ń lò kò bàjẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún ló ń ṣe. Inú géèmù ogun, tí wọ́n ń fi ère ọmọ ogun kéékèèké ta lórí tábìlì, ni Dungeons & Dragons ti jáde ní 1974, ìjà sì ni ọ̀pọ̀ nínú òfin rẹ̀ ṣì dá lé títí di òní. Nínú ẹ̀dà karùn-ún, tó jáde ní 2014, ọ̀tá tí a bá ṣẹ́gun ni ìwé ṣírò máàkì ìrírí, èyí tó ń gbé ẹ̀dá-ìtàn ga ní ìpele, lé lórí ní kedere, tí ó sì kọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó sílẹ̀. Ẹni tó bá lọ dógò ti onígbèsè láti òwúrọ̀ di alẹ́ kò ní iye kankan nínú àtẹ yẹn, àfi èyí tí olùdarí bá fúnra rẹ̀ wá fún un. Nínú àwọn ẹ̀dà ìbẹ̀rẹ̀ géèmù kan náà, ìṣúra tí èèyàn bá kó délé ló ń mú máàkì wá jù lọ, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe é nígbà náà fi máa ń yẹra fún ìjà, tí wọ́n ń wá ọgbọ́n tí wọn yóò fi kó ẹrù náà láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí ìlànà bá ń san ẹ̀san fún ni àwọn èèyàn yóò máa ṣe lórí tábìlì, bí olùdarí tilẹ̀ ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe nǹkan mìíràn.

Ẹ wo ọ̀bẹ kan ṣoṣo. Nínú ẹ̀dà karùn-ún yẹn, jagunjagun tó ti dé ìpele karùn-ún lè ní iye ẹ̀mí, ìyẹn iye ìpalára tó lè gbà kó tó ṣubú, tó tó 44, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀bẹ kékeré kì í sábà gbà ju 4 lọ lára iye yẹn lẹ́ẹ̀kan, kí a tó fi agbára apá ẹni tó mú un kún un. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní ìdí láti bẹ̀rù olè méjì lójú ọ̀nà Ìpetu, yóò yọ idà ni. Ní ti Call of Cthulhu, géèmù ìbẹ̀rù tó jáde ní 1981, iye ẹ̀mí ẹ̀dá-ìtàn sábà máa ń wà ní bíi 10 sí 12, kì í sì í pọ̀ sí i bí ìtàn ṣe ń gùn. Ọ̀bẹ kan náà nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó ru aṣọ níbẹ̀ yóò rò ó dáadáa bóyá kí òun san owó ìbodè, kí òun gba ọ̀nà tó jìn, tàbí kí òun wá ẹni tí yóò sin òun. Ìyẹn gan-an ni irú ìrònú tí òwò yín ń fẹ́. N kò sọ pé kí ẹ mú Call of Cthulhu o. Kí ẹ tó yan ìlànà kankan, ẹ kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ohun tí ẹ fẹ́ kí àwọn ẹ̀dá-ìtàn yín máa bẹ̀rù.

Ní ti GURPS, tó jáde ní 1986, òótọ́ ni pé ó lè gba ìtàn òṣómàáló. Ìmọ̀ òwò wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ìlànà tó ṣe fún ohun gbogbo kò ní sọ fún yín ohun tí ìtàn yín dá lé. Olùdarí yín ni yóò ṣa èyí tó wúlò nínú òfin rẹ̀, iṣẹ́ yìí sì pọ̀ fún ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹni tó ní ọwọ́ olùdarí ni gbogbo rẹ̀ wà kò parọ́ tán, nítorí olùdarí tó mọṣẹ́ lè gbé ìlànà tí kò yẹ dé òpin ìtàn. Kàn jẹ́ pé yóò máa bá ìwé rẹ̀ jà ní gbogbo Sátidé ni.

Ìlànà tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò ni Traveller, tó jáde ní 1977. Ìrìnàjò láti ìràwọ̀ sí ìràwọ̀ ni wọ́n kọ ọ́ fún, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìyẹn lé yín sá, nítorí gbèsè ló ń ti ìtàn rẹ̀ síwájú. Àwọn ẹ̀dá-ìtàn lè gba ọkọ̀ òfuurufú láwìn, kí wọ́n sì máa san ìdá kan nínú 240 owó ọkọ̀ náà lóṣooṣù fún 40 ọdún. Ìgbà 480 nìyẹn, tí àròpọ̀ rẹ̀ já sí ìlọ́po méjì owó ọkọ̀. Bí oṣù bá ti ń parí, wọn kò lè jókòó sójú kan; wọ́n gbọ́dọ̀ rí ẹrù gbé, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ọjà ti pọ̀ àti ibi tó ti wọ́n, àtẹ tí wọn yóò fi ṣírò rẹ̀ sì wà nínú ìwé. Ẹ fi bọ̀lẹ̀kájà rọ́pò ọkọ̀ òfuurufú, kí ẹ fi Òǹdó, Ìlọrin àti àwọn ìlú mìíràn rọ́pò àwọn ayé inú ìràwọ̀. Traveller máa ń kọ iye èèyàn tó wà ní ayé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, irú ìjọba tó ń ṣe é, àti bí òfin ibẹ̀ ṣe le tó. Ohun kan náà ni ọlọ́jà fẹ́ mọ̀ nípa ìlú tó ń gbé aṣọ lọ.

Dáìsì rẹ̀ náà bá òwò mu. Méjì olójú mẹ́fà ni wọ́n ń jù, bí àròpọ̀ wọn bá tó 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àṣeyọrí ni. Ẹni tí kò ní àfikún kankan lórí ohun tó jù yóò ṣe àṣeyọrí ní nǹkan bí ìgbà 42 nínú 100. Bí ìmọ̀ òwò bá fi ẹyọ kan ṣoṣo kún un, ó di 58. Lórí dáìsì olójú 20 tí ẹ ń lò, àfikún ẹyọ kan kò ju 5 nínú 100 lọ, nítorí náà ni ẹni tó kọ́ṣẹ́ àti ẹni tí kò kọ́ ọ fi ń jọra wọn. Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún yín: ẹ̀dá-ìtàn Traveller kì í gòkè ní ìpele. Owó rẹ̀, orúkọ rẹ̀ àti àwọn tó mọ̀ ló ń pọ̀ sí i. Láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ń darí géèmù fún níhìn-ín ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn kan wà tí kò sí ohun tó dùn mọ́ wọn bíi kí agbára ẹ̀dá-ìtàn wọn máa lékè sí i, Traveller sì máa ń tètè sú irú wọn. Ẹ bi ara yín léèrè bóyá irú wọn wà láàárín yín.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìṣirò owó kọ́ ni ẹ ń wá, pé ojú-kojú ẹnu ọ̀nà onígbèsè gan-an ló wù yín. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ wo Apocalypse World, tó jáde ní 2010, àti àwọn ìlànà tó ti ara rẹ̀ jáde. Dáìsì méjì náà ni: 10 sókè, ohun tí o fẹ́ bọ́ sí i, 7 sí 9, ó bọ́ sí i ṣùgbọ́n yóò ná ọ ní nǹkan, 6 sísàlẹ̀, olùdarí yóò mú wàhálà wọlé. Ẹ jẹ́ ká ní òṣómàáló yín ti lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà láti ìdájí, ó ju dáìsì, ó rí 8. Ọkùnrin náà san owó, àmọ́ owó ìsìnkú ìyá rẹ̀ ló fi san, gbogbo àdúgbò ló sì ń wò. Ta ni yóò tún ra aṣọ láwìn ládùúgbò yẹn? Ìbéèrè yìí lè gbé ìjókòó méjì tó kàn. Láìsí àfikún, 15 nínú 36 ni ààyè tí 7 sí 9 ní, nítorí náà irú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí kò ní wọ́n yín.

Ẹ tún lè yá nǹkan kan lọ́wọ́ Blades in the Dark, tó jáde ní 2017, ìlànà yòówù kí ẹ mú. Wọ́n máa ń ya òbírí sórí ìwé, wọn a pín in sí ọ̀nà mẹ́rin, mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, wọn a sì máa kun ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ọ̀rọ̀ ṣe ń tẹ̀ síwájú. Ẹ ya ọ̀kan fún sùúrù onígbèsè, kí ẹ ya èkejì fún ìgbà tí baálẹ̀ yóò dé láti lé yín lọ. Èyí tó bá kọ́kọ́ kún ni yóò pinnu ọjọ́ náà.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ ṣe ìjókòó kan péré pẹ̀lú Traveller, kí ẹnìkan sì máa kọ ohun tí ẹ torí rẹ̀ ju dáìsì sílẹ̀. Bí ìnájà, ọ̀nà àti gbèsè bá pọ̀ ju ìjà lọ nínú àkọsílẹ̀ náà, ẹ ti rí tiyín. Bí ìjà bá ṣì gba iwájú, tí inú gbogbo yín sì dùn sí i, ẹ padà sídìí Dungeons & Dragons láìtijú, kí ẹ yí ìtàn padà sí ti àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń sin ọlọ́jà. Ìwé kan lọ́wọ́ olùdarí ti tó fún gbogbo yín láti bẹ̀rẹ̀. Dáìsì lúdò méjì tó wà nílé yín sì tó fún Traveller.