Báwo la ṣe máa fi ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ sí líìgì Fantasy àwa mẹ́rìnlá ní Lágere, Ifẹ̀?

Ìgbà tí ẹ bá ń dá líìgì sílẹ̀ lórí FPL (Fantasy Premier League, eré orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹ ti ń yan agbábọ́ọ̀lù Premier League) ni kí ẹ ti ṣe é. Ẹ mú Head-to-Head (ẹni méjì ń kojú ara wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀), kì í ṣe Classic (àpapọ̀ máàkì kálukú ni wọ́n ń kà), kí ẹ sì yan iye ìpele. Méjì tó yín: ẹni mẹ́rin tó wà lókè tábìlì á kojú ara wọn ní ọ̀sẹ̀ 37, àṣekágbá á wáyé ní ọ̀sẹ̀ 38. Bí wọ́n bá ta ọ̀mì níbẹ̀, góòlù tí agbábọ́ọ̀lù yín gbá wọlé lọ́sẹ̀ náà ni wọ́n á kọ́kọ́ kà. Ẹ tètè kó ara yín jọ o! Tí líìgì bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò lè wọlé mọ́, bó ti wù kó bẹ̀bẹ̀ tó.