Ṣáàjì wákàtí 8 fún fóònù tuntun: níbo ni àṣà yẹn ti wá?

Ìbéèrè: "Ẹni tó ta fóònù fún mi ní kí n kọ́kọ́ fi sí iná fún wákàtí 8 kí n tó tàn án, kí n sì máa jẹ́ kó kú pátápátá kí n tó tún ṣáàjì. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

Bátìrì nickel ló ni àṣà yẹn. Nígbà tí GSM wọ Nàìjíríà ní 2001, irú bátìrì yẹn ló wà nínú ọ̀pọ̀ Nokia 3310. Tó bá ti pẹ́ lórí àtẹ, iná inú rẹ̀ á ti jò tán, ó sì máa ń gba ṣáàjì gígùn kó tó jí. Òótọ́ ni wọ́n sọ nígbà náà.

Lithium ni tìsìnyí. Èròjà kan tó ń jẹ́ lithium cobalt oxide ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, graphite (irú èédú tó wà nínú pẹ́ńsùlù) lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Ìpele-ìpele ni oxide yìí tò, lithium sì wà láàárín wọn. Tí ẹ bá ń ṣáàjì, yóò máa jáde lọ sínú graphite. Bí nǹkan bí ìdajì rẹ̀ bá ti jáde, tí iná dé nǹkan bí fólítì 4.2, ó tó. Tó bá kọjá ibẹ̀ láìsí ìdáàbòbò, àwọn ìpele náà á máa bàjẹ́, oxygen á máa yọ, bátìrì á wú. Ìdí nìyí tí fóònù fi ń gé iná fúnra rẹ̀. Asán ni wákàtí tó kù.

Kíkú pátápátá ló burú jù. Tí ẹ bá gbé òkú fóònù sílẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan, iná á lọ sílẹ̀ débi pé bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó gbé graphite dúró á máa yòrò.

Àwọn kan tún ń polówó bátìrì "nano", ìyẹn èyí tí hóró èròjà inú rẹ̀ kéré gan-an. Kì í ṣe irọ́ pátá o: tí hóró oxide bá fi ìlọ́po 10 kéré sí i, àkókò tí lithium fi ń dé àárín rẹ̀ á dín ní ìlọ́po 100. Ṣùgbọ́n bí hóró bá ṣe kéré tó ni ara tó fi ń kan omi inú bátìrì ṣe ń pọ̀ tó, ìbàjẹ́ á sì yá. Lithium titanate, èròjà tí wọ́n máa ń fi rọ́pò graphite, ló gba nano dáadáa, torí kì í fẹ̀ tó ìdá 1 nínú 100. Ilé-iṣẹ́ Toshiba ń fi ṣe bátìrì tó ń jẹ́ SCiB fún bọ́ọ̀sì oníná. Àmọ́ milliamp-hour (òṣùwọ̀n iye iná tí bátìrì ń gbà) 175 ni gíráàmù rẹ̀ kan lè gbà, ti graphite jẹ́ 372, nítorí náà kò wúlò nínú fóònù.

Tí ẹ bá fẹ́ tọ́jú fóònù pamọ́, ẹ ṣáàjì rẹ̀ dé ìdajì, ẹ pa á, kí ẹ gbé e síbi tí kò gbóná.