Ta ló ní adìẹ aláwọ̀ eérú gbọ́dọ̀ pa ọmọ aláwọ̀ eérú?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra àkùkọ kan àti àgbébọ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń polówó adìẹ òyìnbó. Àwọ̀ eérú ni gbogbo wọn, ó sì búra fún mi pé ojúlówó ni, kò sí àbùlà. Àgbébọ̀ kan sàba, ó pa mọ́kànlá. Mẹ́fà jọ òbí wọn, mẹ́ta dú bí èédú, méjì funfun tó ní tóótòòtó eérú lára. Aládùúgbò mi ní wọ́n ti lù mí ní jìbìtì. Mo pe ẹni tó tà á, ó ní omi ilé mi ni kò dáa, ó tún ta oògùn kan fún mi tí n ó máa pò mọ́ omi wọn kí àwọ̀ wọn lè padà. Ṣé kí n pa àwọn tó yàtọ̀ yẹn jẹ? Wọ́n tún ní dúdú lágbára ju funfun lọ, ṣé òótọ́ ni? Ìyá Ìbejì, Akóbọ̀, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó. Ẹ má pa ọ̀kankan jẹ o, àfi tó bá jẹ́ pé ẹran ló wù yín jẹ. Ẹ̀yin lẹ ṣe ẹnì kẹrin tó bi mí ní ìbéèrè yìí láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé. Inú ń bí mi, àmọ́ kì í ṣe sí yín.

Ẹni tó ta adìẹ fún yín kò purọ́ nípa àwọ̀. Ibi oògùn ló ti purọ́. Ó sì jọ pé òun gan-an kò mọ ohun tó ń tà.

Ṣé ẹ mọ jẹ́nótáìpù tí wọ́n máa ń ní kí ọkọ àti ìyàwó lọ yẹ̀ wò kí àfáà tàbí pásítọ̀ tó so wọ́n pọ̀? Ojú yẹn ni kí ẹ fi wò ó. Ọmọ adìẹ ń gba ẹyọ jíìnì kan, ìyẹn ohun tó ń pinnu àwọ̀, lọ́dọ̀ bàbá, ó ń gba ẹyọ kan lọ́dọ̀ ìyá, gẹ́gẹ́ bí ọmọ èèyàn. Ká ní adìẹ dúdú ni AA, aláwọ̀ eérú ni AS, funfun alámì ni SS. (Àfiwé lásán ni o, kò sí àìsàn kankan nínú SS ti adìẹ yìí.) Aláwọ̀ eérú yín kì í ṣe àwọ̀ tó dá dúró. Dúdú ni, tí ẹyọ kan ṣoṣo bomi là. Tí AS bá gun AS, kí lẹ ń retí? Ìdá kan nínú mẹ́rin yóò dú, ìdá méjì yóò jẹ́ eérú, ìdá kan yóò funfun pẹ̀lú àmì. Ẹ wá wo ti yín: dúdú mẹ́ta, eérú mẹ́fà, funfun alámì méjì. Ká ní èmi ni mo jókòó ti tábìlì tí mo fi kálámù ṣírò rẹ̀, kò lè gún ju báyẹn lọ. Kì í fìgbà gbogbo gún bẹ́ẹ̀ ṣá. Bí ìgbà tí a ń ju owó ẹyọ sókè ni, ó lè dojú kan náà délẹ̀ léraléra. Bí ìyá yẹn bá tún sàba, ẹ lè rí dúdú méje, ẹ má pè mí láàárín òru.

Ọ̀rọ̀ yìí kò tuntun rárá. Adìẹ Andalusia, tó ń jẹ́ orúkọ agbègbè kan ní gúúsù ilẹ̀ Sípéènì, ni wọ́n fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ó sì ti lé ní 100 ọdún tí àwọn onímọ̀ ti yanjú rẹ̀. Ojúlówó Andalusia, tí àwọn baba ńlá rẹ̀ kò da ara wọn pọ̀ mọ́ ẹlòmíì rí, yóò ṣì máa pa dúdú àti funfun alámì. Eérú mìíràn wà, tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ ju èyí lọ, tí àwọn òyìnbó ń pè ní lavender. Ìyẹn ní tirẹ̀ máa ń pa ọmọ tó jọ ọ́. Ti yín kọ́ nìyẹn, àwọn ọmọ ti jẹ́rìí.

Bí ó bá jẹ́ eérú nìkan lẹ fẹ́, àkùkọ dúdú ni kí ẹ kó sọ́dọ̀ àgbébọ̀ funfun alámì. Gbogbo ọmọ wọn ni yóò jẹ́ eérú, láìku ẹyọ kan. Ẹ wá rí i pé irú méjì tí ẹ fẹ́ sọ sínú ọbẹ̀ ni iṣẹ́ yín wà lọ́wọ́ wọn.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń sin adìẹ lẹ́yìnkùlé yọ kúrò lọ́kàn nìyí: ẹ̀ ń ka àwọ̀ ìyẹ́ sí ìwé ẹ̀rí. Ẹ rí dúdú, ẹ ní ó lágbára. Ẹ rí àwọ̀ tó ṣàjèjì, ẹ ní ojúlówó ni. Lóṣù tó kọjá, bàbá kan gbé páálí wá bá mi, ó ti lu ihò sí i lára. Àkùkọ dúdú ló wà nínú rẹ̀, wọ́n tà á fún un ní Ayam Cemani, adìẹ ilẹ̀ Indonéṣíà tó dúdú dé egungun. Owó tó san tó ra àgbò. Ó ní adìẹ náà ń họ ara. Mo gbé apá rẹ̀ sókè, awọ abẹ́ rẹ̀ funfun. Mo la ẹnu rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ pupa fòò. Mo rẹ òwú sínú omi ọṣẹ, mo fi nu ogbe rẹ̀, òwú dú, ogbe pọ́n. Dáì irun ni wọ́n fi pa á! Bàbá náà kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ló bá ní, "Dókítà, ẹyin dúdú ni wọ́n ní ìyàwó rẹ̀ máa yé." Ẹyin Ayam Cemani kì í dúdú o, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pupa bíi ti adìẹ ọjà Bódìjà. Kò sì wo àrùn kankan sàn tí mo mọ̀.

Àwọn àgbà wí pé adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà. Wọn kò sọ pé ó rọrùn fún àìsàn láti pa á. Àṣá lè tètè rí i láti òkè, mo gbà. Àmọ́ lùkúlùkú kì í wo àwọ̀ kó tó wọlé. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Ẹ ó rí ìgbẹ́ aláwọ̀ ewé, adìẹ á máa mí gúlegúle, ọrùn á lọ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ ẹ ti kó òkú. Kápúsù pupa-àti-yẹ́lò tí ẹ máa ń tú sínú omi kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ajẹsára ló ń dènà rẹ̀, ajẹsára kì í sì wo èyí tó ti ń ṣàìsàn. Èyí tó ń jẹ́ I-2, tí wọ́n ń ṣe ní Vom nítòsí Jọ́ọ̀sì, ni a máa ń kán sójú adìẹ ìbílẹ̀, ó máa ń fara da ooru díẹ̀. La Sota, ajẹsára lùkúlùkú mìíràn, ní tirẹ̀ fẹ́ yìnyín láti ilé ìtajà dé ilé yín, tí ẹ bá sì fi omi ẹ̀rọ tí wọ́n fi kẹ́míkà sí pò ó, ẹ ti pa á kí adìẹ tó mu ún.

Tí ìyẹ́ bá tiẹ̀ ní ohun tó ń sọ nípa ìlera, bó ṣe rí lára ni, kì í ṣe àwọ̀ rẹ̀. Abọ́lọ́rùn, tí ẹ̀yin ń sọ pé kò dáa lójú, ooru kì í tètè dà á láàmú nítorí ìyẹ́ rẹ̀ kò pọ̀. Adìẹ aṣa, tí ìyẹ́ rẹ̀ ká sókè, ẹ má fi aṣa gun aṣa. Ìdá kan nínú mẹ́rin ọmọ wọn ni ìyẹ́ rẹ̀ yóò máa kán bí ewé gbígbẹ, òtútù á sì máa jẹ ẹ́. Aṣa kan sí adìẹ lásán kan ti tó.

Ní ti ríra, ẹ lọ wo ìyá àti bàbá níbi tí wọ́n wà. Ẹ gbé adìẹ náà dání: kí ojú rẹ̀ dán, kí imú gbẹ, kí ihò ìdí mọ́, kí ìpẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ̀ dáadáa. Ẹ ya ìyẹ́ abẹ́ ìdí kí ẹ wo bóyá iná wà níbẹ̀. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n gba ajẹsára. Ẹni tó bá ń fi ìbúra dáhùn, ẹ dágbére fún un. Tí ẹ bá gbé e délé, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán, pẹ̀lú abọ́ omi tirẹ̀, nítorí adìẹ lè gbé àrùn láì fi hàn. Ó tún dá mi lójú tó ìdajì pé ọmọ ìyá kan náà ni mẹ́rin tí wọ́n tà fún yín. Ẹ wá àkùkọ dúdú láti ibòmíràn, kí ẹ̀gbọ́n má máa gun àbúrò títí tí ẹyin kò fi ní í pa mọ́.

N kò rí adìẹ yín sójú o, ohun tí ẹ kọ ni mo fi ń dáhùn. Tí èyíkéyìí bá kú lójijì, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má tà á, ẹ gbé e lọ fún dókítà ẹranko tó súnmọ́ yín tàbí ilé ìwòsàn ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ fi ọ̀rá bọ ọwọ́.

Ìgò oògùn àwọ̀ yẹn ńkọ́? Ẹ da omi tí ẹ ti pò mọ́ ọn nù lónìí, àmọ́ ẹ má dà á sí gọ́tà tí ewúrẹ́ ti ń mumi. Ìgò náà gan-an, ẹ dè é ní ọ̀rá, kí ẹ gbé e bọ̀ tí ẹ bá ń bọ̀. Mo fẹ́ fi imú gbóòórùn ohun tó wà nínú rẹ̀.