Ẹ Má Sè É: Ìgbín Ọmọ Ni

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Peckham ní Lọ́ńdọ́nù ni à ń gbé. Tòmíwá ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kó ìgbín méjì bọ̀ láti ilé ìwé. Inú kíláàsì ni wọ́n ti ń sìn wọ́n, nígbà tó pọ̀ jù, tíṣà ní kí ẹni tó bá fẹ́ mú. Ó ti sọ wọ́n lórúkọ, ó sì máa ń bá wọn sọ̀rọ̀ kó tó sùn. Ìyá ọkọ mi tó wá kí wa láti Abẹ́òkúta ní ẹran ọbẹ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́ ọmọ, wọ́n sì ń bi mí pé ìgbà wo la máa sè é. Èmi náà ń rò ó pé kí n kúkú ra ológbò tàbí ehoro fún un, ohun tó lè gbé mọ́ra. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá Tòmíwá

ÌDÁHÙN: Ìyá Tòmíwá, ẹ jẹ́ kí ọmọ sin ìgbín rẹ̀. Ẹ má bá Màmá jiyàn, ẹ kàn fi pẹ̀lẹ́ sọ fún wọn pé ti ọmọ ni. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sè é níkọ̀kọ̀, kí wọ́n wá ní ó sá lọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án mọ bí ìgbín ṣe ń rìn, kò sì ní gbàgbé ẹni tó parọ́ fún un.

Ìgbín tó wọ́pọ̀ nílé ìwé níbẹ̀ kì í tilẹ̀ ṣe èyí tí Màmá mọ̀. Ìlà-oòrùn Áfíríkà ni tiwọn ti ṣẹ̀ wá, ìkarahun rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ṣóńṣó ju ti wa lọ. Èmi tí mò ń kọ èyí sin ìgbín fún títà ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹyin ìgbín tiwa tóbi, kì í sì í pọ̀. Èyí tó wà lọ́dọ̀ yín lè yé igba ẹyin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìgbín kọ̀ọ̀kan ló sì ní ti akọ, ló ní ti abo, nítorí náà àwọn méjèèjì ni yóò máa yé.

Ibí yìí ni iṣẹ́ yín wà. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ̀yin fúnra yín tú iyẹ̀pẹ̀ inú àpótí wọn wò. Ẹyin tí ẹ bá rí, ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ fi sínú fìrísà kó dì gan-an kí ẹ tó dà á nù. Bí wọ́n bá sì sú ọmọ lọ́la, mo bẹ̀ yín, ẹ má dà wọ́n sínú ọgbà. Òtútù lè pa wọ́n síbẹ̀, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1981 lórí ẹranko ìgbẹ́ kò sì fàyè gbà á. Ní 1966, ọmọkùnrin kan kó mẹ́ta irú ìgbín yìí láti Hawaii wọ Miami, ìyá àgbà rẹ̀ sì dà wọ́n sí ọgbà. Lẹ́yìn ọdún méje, wọ́n ti lé ní 18,000. Ó gba nǹkan bí ọdún mẹ́wàá àti mílíọ̀nù kan dọ́là kí ìjọba tó rẹ́yìn wọn, wọ́n sì tún yọjú níbẹ̀ ní 2011.

Ehoro tí ẹ ń rò yẹn, ọ̀pọ̀ wọn kì í fẹ́ kí wọ́n gbé àwọn rárá. Ó lè ta ìpá lọ́wọ́ ọmọ títí egungun ẹ̀yìn ehoro náà á fi ṣẹ́. Ológbò dára, àmọ́ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló lè lò nílé yín, owó dókítà ẹran sì wà níbẹ̀. Kì í sì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń wá ohun tó máa dì mọ́ra. Àwọn mìíràn fẹ́ jókòó wo nǹkan ni. Ẹ lọ bá Tòmíwá jókòó lálẹ́ nígbà tí ìgbín bá ń jẹ apálá, kí ẹ sún etí mọ́ ọn. Ẹ óò gbọ́ bí ahọ́n rẹ̀ ṣe ń họ ọ́, bíi ìgbà tí wọ́n ń rin ilá.

Bó bá fẹ́ gbé e, kó kọ́kọ́ fi omi tútù ra ọwọ́, kó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ síwájú rẹ̀, kó jẹ́ kó fúnra rẹ̀ gùn ún. Kó má fi ìkarahun fà á tu lára gíláàsì, ẹran inú lè ya. Lẹ́yìn náà, kó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dáadáa, nítorí ìgbín lè gbé aràn tó ń wọ ọpọlọ èèyàn. Ẹ lọ èèpo ẹyin adìẹ kúnná fún wọn kí ìkarahun wọn lè le. Iyọ̀ kò gbọdọ̀ kàn wọ́n.

Ẹ bẹ Màmá kí wọ́n kọ́ ọmọ ní ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ewé àti ilẹ̀ tí ìgbín fẹ́ràn. Bí ẹ bá sì ń bọ̀ wálé ní Kérésì, ẹ fa àpótí náà lé aládùúgbò lọ́wọ́. Ẹ sọ fún un pé bí ilẹ̀ inú rẹ̀ bá gbẹ, ìgbín á fi awọ funfun dí ẹnu ìkarahun. Kò tíì kú o. Kó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wọ́n ọn, kó sì dúró di alẹ́.