Ẹ Bi Ọ̀gá Bọ́dì: Fẹ́ńdà tó ń sán níbi tó ti pàdé irin

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Mo ra táyà ẹ̀yìn tó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó yọ síta, ni mo bá ní màá fọwọ́ ara mi mú fẹ́ńdà fẹ̀ nílé. Mo gbẹ́ ẹ jáde lára fóòmù, mo fi fáíbà (okùn gíláàsì) àti rẹ́síìnì (omi kẹ́míkà tó ń gan di líle) lé e, fóòmù yọ́ dànù. Mo wá oríṣi mìíràn, ìyẹn dúró. Mo fi bọ́dì fílà dí àárín òun àti irin ọkọ̀, mo fi sáńpépà fá a, mo kùn ún. Oṣù mẹ́ta kò pé, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ti sán yíká ibi tí wọ́n ti pàdé. Ibo ni mo ti ṣìṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò, jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti fóòmù. Funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí lo kọ́kọ́ lò, àbí? Ooru kọ́ ló yọ́ ọ. Styrene, kẹ́míkà inú polyester rẹ́síìnì rẹ, ló jẹ ẹ́, bí omi ṣe ń jẹ ṣúgà. Fóòmù polyurethane ló lè dúró dè é.

Ó wá kan ìlà tó sán. Fílà lo fi ṣe gúlúù, fílà kì í sì í ṣe gúlúù. Ìyẹ̀fun ló pọ̀ nínú rẹ̀. Kó dí ojú tó wọ̀ díẹ̀ niṣẹ́ rẹ̀, bíi milimítà 3, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irin àti fáíbà kì í fẹ̀ bákan náà bí oòrùn bá pa wọ́n, ara ọkọ̀ sì máa ń lọ́ díẹ̀ nígbàkígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan bá bọ́ sí kòtò. Ohun gbígbẹ tí kò ṣeé tẹ̀ lo wá fi sáàárín wọn.

Èmi náà ti jẹ níbẹ̀. Fẹ́ńdà àkọ́kọ́ tí mo ṣe, fílà ni mo fi mọ ọ́n bí ẹni ń mọ ògiri. Ó dán, mo ń yí i po, mo ń wò ó. Lọ́jọ́ kan mo pa ilẹ̀kùn dé gbàgà, mo gbọ́ “kẹ́ẹ́”, odidi rẹ̀ já bọ́ bí èèpo ọ̀sàn. Ohun tó dùn mí jù ni ohun tí mo rí lẹ́yìn rẹ̀: ọ̀dà àtijọ́ ọkọ̀ náà, ó ń dán gbinrin. Mi ò tilẹ̀ fá a kí n tó lẹ nǹkan mọ́ ọn.

Nítorí náà, má tún fílà bo ìlà yẹn, á padà yọ. Yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, kí o sì ṣe òmíràn tí wàá fi bóòtù àti nọ́ọ̀tì dè. Kí fáíbà dá dúró, kí irin dá dúró, kí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ wà láàárín wọn. Àwọn kan á ní bóòtù tó hàn síta kò lẹ́wà. Lójú tèmi, ó lẹ́wà ju ìlà tó sán lọ. Ta práímà epoxy (ọ̀dà ìpìlẹ̀) sí ẹnu gbogbo ihò tí o bá lu, torí ibẹ̀ ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni kó jẹ́ mọ́ọ̀dù rẹ, ìyẹn ohun tí wàá fi mú àwòrán fẹ́ńdà. Fi téèpù bò ó láìku ibì kan, pa á ní wáàsì (ìda) ẹ̀ẹ̀mẹta, kí o tó gbé fóòmù lé e. Máàtì fáíbà oní-gíráàmù 450 fún mítà kan níbùú-lóròó, ìpele mẹ́ta, fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ afẹ́fẹ́ jáde nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Rẹ́síìnì kìlógíráàmù 1, hádínà (ohun tó ń mú rẹ́síìnì gan) gíráàmù 10 sí 20. Fi ìwọ̀n wọ̀n ọ́n, má fojú bù ú, kí o sì wọ awò: hádínà yẹn lè fọ́ni lójú. Díẹ̀díẹ̀ ni kí o máa pò ó. Mo pò ó kún ife rí, mo yíjú láti gé máàtì, kí n tó yíjú padà èéfín ti ń rú, ife ti yọ́ mọ́ tábìlì.

Bí o bá wá fẹ́ fi fílà tó fẹ́lẹ́ tún ojú rẹ̀ ṣe, sáńpépà 80 ló ṣáájú, 180 tẹ̀ lé e, igi pẹlẹbẹ ni kí o wé e mọ́, kì í ṣe ìka. Má fi omi fá fílà tí práímà kò tíì bò. Ó ń mu omi, á sì wú ọ̀dà rẹ lẹ́yìn ọ̀la. Kí o tó kùn ún, di ẹrù tó wúwo sẹ́yìn ọkọ̀, kí o sì wò ó bóyá táyà ń ha fẹ́ńdà.

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ṣé ìbòmú aṣọ tó mi bí mo bá fẹ́ fín ọ̀dà 2K (èyí tí a ń po hádínà mọ́) nínú gáréèjì?

Ìdáhùn: Rárá o. Kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ isocyanate wà nínú hádínà rẹ̀, ó lè fún ènìyàn ní ikọ́ fée (asthma) tí kò ní lọ mọ́. Ìbòmú tó ń fa afẹ́fẹ́ mímọ́ láti ìta wá la fi ń fín in. Bí o kò bá ní i, ṣe gbogbo iṣẹ́ títí dé práímà nílé, kí o gbé e lọ fún ẹni tó ní yàrá ìfínkùn. Bí o bá sì padà rí ìbòmú tó ń gbá ojú mọ́, fá irùngbọ̀n rẹ ná, afẹ́fẹ́ ń gba àárín irun wọlé. Èmi ti fá tèmi nítorí rẹ̀, ìyàwó mi kò tíì dárí jì mí.