Ọta Ìbọn Wà Nítan Àbúrò Mi: Ṣé Ká Jẹ́ Kí Wọ́n Yọ Ọ́ Nílé?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ ǹlẹ́ o, Dókítà. Ọta ìbọn ti wà nítan àbúrò mi láti bí ọdún méjì, kò sì dùn ún. Oníṣègùn kan ládùúgbò ní òun yóò fi abẹ yọ ọ́ nílé, kó má baà kú bíi Stonewall Jackson, ọ̀gágun ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà tí àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ ṣèèṣì yìnbọn fún, tí ọta tó kù lára rẹ̀ sì pa. Ká gbà fún un?

ÌDÁHÙN: Ẹ má gbà fún un o! Ọkùnrin yẹn ò mọ ìtàn tó fi ń dẹ́rù bà yín.

Alẹ́ ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún ọdún 1863 ni, ní Chancellorsville, ní Virginia. Jackson gẹṣin kọjá iwájú àwọn ọmọ ogun rẹ̀ láti lọ yẹ ọ̀nà wò. Bó ṣe ń padà bọ̀ nínú òkùnkùn, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ láti North Carolina rò pé ẹlẹ́ṣin ọ̀tá ni, wọ́n bá dáná ìbọn yá wọn. Ọta mẹ́ta ló bà á. Ọ̀kan dúró sábẹ́ awọ ọwọ́ ọ̀tún. Dókítà Hunter McGuire yọ ọ́ lóru ọjọ́ náà. Méjì ba apá òsì, wọ́n fọ́ eegun, wọ́n já iṣan ẹ̀jẹ̀, ni wọ́n bá gé apá náà. Ọta wo ló wá kù? Ọjọ́ kẹjọ ló kú, lẹ́ni ọdún 39. McGuire ní òtútù àyà ló pa á. Àwọn dókítà òde òní kan ní ẹ̀jẹ̀ dídì ló lọ há sí ẹ̀dọ̀fóró. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba ọta tó kù lára.

Ọta tó bá jókòó sínú ẹran itan, ara sábà máa ń hun awọ yí i ká, ẹlòmíì a sì gbé e dọjọ́ alẹ́. Abẹ inú ilé ni kí ẹ bẹ̀rù. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá gba itan kọjá. Bí abẹ bá já a, ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó láti pààyàn. Àrùn ipá (tetanus) tún ń bẹ níbẹ̀.

N kò tíì fojú rí itan àbúrò yín, nítorí náà ẹ mú un lọ ya X-ray. Bí ọta bá wà nínú oríkèé, òjé ara rẹ̀, tó jẹ́ májèlé, lè máa yọ́ wọnú ẹ̀jẹ̀. Ìyẹn yẹ ní yíyọ, nílé ìwòsàn. Bí ibẹ̀ bá wú, tó gbóná, tàbí tó ń ṣọyún, ẹ má dúró dọ̀la.